Ibòji Ilé Kásálì

Ọdún tí Kásálì gbé ilé rẹ̀ dé òkè kejì
ni oòrùn kọ ẹ̀yìnkùlé mi sílẹ̀ ní Èjìnrìn.
Mo ní ata níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ní tòmátì ìdí mẹ́fà.
Ata gùn bí ọmọ tí kò jẹun yó,
ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ funfun, kò so.
Mo lọ bá Kásálì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ ti jí oòrùn mi."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi?

Láti ọjọ́ náà a kò kí ara wa mọ́
àfi "ẹ kú" tí ohunkóhun kì í tẹ̀ lé.

Ilẹ̀ náà wá di ti ọ̀pọ̀lọ́.
Omi balùwẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá,
ògiri wọ bùbá tútù aláwọ̀ ewé,
bó bá di oṣù Òkúdù, ẹsẹ̀ á rì dé ọrùn.

Múnírátù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló ti Agbọ́wá dé,
ó di nǹkan sínú àpò ìrẹsì.
"Katakata ti wọ igbó etídò wa.
Wọ́n ní ẹ́sítéètì ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀.
Mo sáré hú èyí kí táyà tó gun orí rẹ̀."
Gbòǹgbò bí ìka atalẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀,
ọ̀pá mẹ́ta tí ewé wọn ti rọ.
Tẹ̀tẹ̀règún.
Èyí tí à ń gé, tí à ń fa omi kíkan rẹ̀ mu
bí a bá ń ti ilé ìwé bọ̀?
Mo ní, "Òdòdó làwọn èèyàn ń gbìn o."
Ó ní, "Òdòdó náà nìyẹn.
Ìwọ ni o kò dúró wò ó rí."

Olóríkunkun ni mí. Iwájú ilé ni mo gbìn ín sí,
níbi tí oòrùn mi kù sí.
Mo da eérú sí i, mo bu ajílẹ̀ lé e.
Ní ọjọ́ kẹrin ewé rẹ̀ ká kò bí ìwé tí iná rà.
Múnírátù pè mí lórí fóònù:
"Ibo lo gbìn ín sí?"
Mo dákẹ́.
"Gbé e lọ síbi tí o kórìíra."

Mo gbé e lọ síbi tí mo kórìíra.
Mo kó ewé àgbálùmọ̀ tó ti jẹrà bò ó nídìí,
n kò fún un ní nǹkan kan mọ́
ju omi tí a fi ṣan ẹsẹ̀ lọ.
Oṣù kan. Oṣù méjì. Ọ̀pọ̀lọ́ ń sùn tì í.
Ó wá ta ọ̀mùnú kan, ó ń gùn,
ewé rẹ̀ kò sì jókòó lọ́tùn-ún lósì bí ewé mìíràn,
ó ń yí ọ̀pá ká, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ,
àfi bí àtẹ̀gùn.
Mo ní, hẹn, òun náà ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì tirẹ̀.

Ní ọdún kejì, òwúrọ̀ kan nínú oṣù Agẹmọ,
mo ṣì ń fọ eyín nígbà tí ohùn kan bọ́ láti òkè:
"Ẹ wá wò ó! Ó ti là!"
Kásálì ni, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀,
ó yọ ara jáde ní fèrèsé débi pé ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.
Òun ló kọ́kọ́ rí i:
òdòdó kan ṣoṣo ní ṣóńṣó ọ̀pá,
funfun, etí rẹ̀ hunjọ bí aṣọ tí a kò lọ̀,
ọ̀fun rẹ̀ jọ pupa ẹyin.
Mo ní, "Ẹ kú ojúmọ́."
Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó parí gbólóhùn yẹn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti rọ. Òdòdó ọjọ́ kan ni.
Ní ọjọ́ kejì òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
kò pariwo, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Kásálì sọ̀ kalẹ̀ wá, ó tọrọ ọ̀pá kan kí òun náà gbìn ín.
Mo yọjú wo àgbàlá rẹ̀:
sìmẹ́ńtì, oòrùn, sìmẹ́ńtì.
Mo ní, "Ẹ kò ní ibòji, Kásálì.
Èmi lẹ kó gbogbo rẹ̀ fún."